Ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin ilé Késárì lè kọ ọkọ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú?

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ kú ìjíròrò o. Mo gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé ní Róòmù àtijọ́, obìnrin kò nílò kóòtù kó tó kọ ọkọ. Á kó ẹrù rẹ̀, á gba owó rẹ̀ padà, ó di ilé bàbá rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ọmọ ọba ńkọ́? Ṣé àwọn obìnrin ilé Késárì jayé jù wá lọ báyìí ni? Èmi àti àbúrò mi obìnrin ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ẹ bá wa dá sí i.

* * *

Ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò parọ́, àmọ́ apá kan ọ̀rọ̀ ló sọ. Nígbà ayé Augustus, Késárì tí Lúùkù orí kejì sọ pé ó pàṣẹ kí wọ́n ka gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ìyàwó ní Róòmù kì í bọ́ sábẹ́ àṣẹ ọkọ mọ́. Abẹ́ bàbá wọn ni wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nítorí náà, bí ọkọ bá sú ìyàwó, tàbí tí ìyàwó sú ọkọ, kò sí adájọ́ tí wọ́n ń lọ bá. Wọn á ránṣẹ́ pé "kó ẹrù rẹ," ó parí. Òfin tí Augustus ṣe ní nǹkan bí ọdún 18 ṣáájú Kristi ló fi kún un pé kí ẹlẹ́rìí méje wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìlú Róòmù tó ti bàlágà.

Ti owó rèé. Lọ́dọ̀ wọn, ilé ìyàwó ló ń gbé owó, ilẹ̀ àti ẹrú kalẹ̀ fún ọkọ. Tí ìgbéyàwó bá tú, ọkọ gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ìyàwó, ọkọ lè mú ìdá kan nínú mẹ́fà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì lọ; bó bá ṣe àgbèrè, ìdá kan nínú mẹ́fà tún wà fún ìyẹn. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ti bàbá ni wọ́n. Mo ti jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ rí, níbi tí wọ́n ti ń ní kí ẹbí ìyàwó dá owó orí padà, tí gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ní Róòmù, ọkọ ni yóò máa wo ilẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni pé bàbá tí obìnrin wà lábẹ́ rẹ̀ yẹn náà lè tú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ká, kódà bí tọkọtaya ń gbádùn ara wọn. Ó di ayé Késárì tó ń jẹ́ Antoninus Pius, ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn Kristi, kí òfin tó dí bàbá lọ́wọ́ níbi tí ìgbéyàwó bá ti ń lọ dáadáa. Bí bàbá yẹn bá wá jẹ́ Késárì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé bí obìnrin bá ṣe súnmọ́ ìtẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún un ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Ìyàwó olówó lásán lè kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọmọ Késárì, ẹrù ni òun fúnra rẹ̀.

* * *

"Ẹ má bínú o, Julia ọmọ Augustus fẹ́ ọkọ mẹ́ta. Ìyẹn kọ́ ni ìgbádùn?"

Mo ti mọ̀ pé ẹnìkan máa mú Julia jáde. Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó yan àwọn ọkọ náà.

Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, ní ọdún 39 ṣáájú Kristi, ni bàbá rẹ̀ kọ ìyá rẹ̀, Scribonia. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í fún Marcellus, ọmọ Octavia ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọdún méjì péré, Marcellus kú. Wọ́n fà á fún Agrippa, ọ̀gágun tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tó sì jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Maecenas tó jẹ́ olùdámọ̀ràn Augustus ni wọ́n ló sọ fún un pé: o ti gbé ọkùnrin yìí ga débi pé àfi kó di àna rẹ tàbí kí o pa á. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìyẹn o, kò sì sí ìyàwó nínú rẹ̀ rárá. Julia bí ọmọ márùn-ún fún Agrippa. Agrippa kú ní ọdún 12 ṣáájú Kristi, ó fi oyún ọmọ tó kẹ́yìn sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún 11, Julia ti di ìyàwó Tiberius, ọmọ tí Livia ìyàwó bàbá rẹ̀ bí fún ọkọ àárọ̀.

Ilé náà kò rọgbọ. Ní ọdún 6 ṣáájú Kristi, Tiberius kó lọ sí erékùṣù Rhodes, ó fi Julia sílẹ̀ ní Róòmù. Ọkọ ti sá lọ, kí ló dé tí Julia kò fi ránṣẹ́ "kó ẹrù rẹ" sí i? Òun kọ́ ló ni ìgbéyàwó náà. Nígbà tí ẹ̀sùn àgbèrè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2 ṣáájú Kristi, Augustus ló kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ó fi orúkọ Tiberius sí i, ó ní kí wọ́n ka ẹ̀sùn ọmọ òun létí ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù. Tiberius jókòó sí Rhodes, wọ́n ti ṣe é tán kó tó gbọ́. Ó kọ lẹ́tà wá bẹ bàbá ìyàwó pé kó ṣàánú rẹ̀, kó jẹ́ kó máa lo àwọn ẹ̀bùn tí òun ti fún un. Ìyàwó kò kọ ọkọ, ọkọ kò kọ ìyàwó, ìgbéyàwó sì tú.

Pandateria ni wọ́n kó o lọ, erékùṣù kékeré tí wọ́n ń pè ní Ventotene lónìí, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta lọ ní gígùn. Kò gbọdọ̀ mu wáìnì. Ọkùnrin kankan, ìbáà ṣe ẹrú, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgba àṣẹ Augustus. Scribonia, tí wọ́n kọ̀ lọ́jọ́ tó bímọ, ló tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún wọ́n gbé Julia wá sí Rhegium lórí ilẹ̀. Kò ní ohun ìní kan tirẹ̀, torí ọmọ tó wà lábẹ́ bàbá kò ní nǹkan lójú òfin. Owó oúnjẹ tí bàbá ń fún un ló ń ná. Bàbá kú ní ọdún 14 lẹ́yìn Kristi, Tiberius gorí ìtẹ́, ó ní ìwé ìhágún kò sọ̀rọ̀ nípa owó náà, ó dá a dúró. Julia kú lọ́dún yẹn kan náà.

Àwàdà tí ẹ tún gbé wá yẹn, pé Julia ní òun kì í gba èrò sínú ọkọ̀ àfi tí ọkọ̀ bá ti kún, torí ẹ̀ ni gbogbo ọmọ òun ṣe jọ Agrippa: ìwé tó gbé e wá, ó lé ní 400 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ má fi jẹ́rìí.

* * *

"Livia ńkọ́? Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nílé ọkọ wá bá Augustus."

Ẹ wo bó ṣe rìn. Oyún oṣù mẹ́fà wà níkùn rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 38 ṣáájú Kristi. Ọkọ rẹ̀, Tiberius Claudius Nero, bàbá Tiberius tí a ti dárúkọ, ló dúró bíi bàbá ìyàwó, tó fi í lé Augustus lọ́wọ́. Wọ́n ti bi àwọn àlùfáà bóyá aboyún lè fẹ́ ọkọ. Nígbà tí ó bí Drusus, wọ́n gbé ọmọ náà padà fún bàbá rẹ̀. Àwọn ará Róòmù ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé olóríire ló ń bímọ oṣù mẹ́ta.

Ọkọ yẹn ti bá ẹgbẹ́ Augustus jagun, ó sá kúrò nílùú, kò tíì pẹ́ tó padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé rárá. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ọmọ ọdún 19? Tacitus, òpìtàn Róòmù, fi í sílẹ̀ bóyá ó wù ú tàbí kò wù ú. Àwọn tó ní ìfẹ́ ni, ohun tí wọ́n rí mú ni pé Livia àti Augustus gbé ara wọn fún ohun tó lé ní 50 ọdún, láìsí ọmọ tó yè láàárín wọn, Augustus kò sì kọ̀ ọ́ nítorí ìyẹn. Ẹ rántí èyí nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Nero tó jẹ́ Késárì.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé ìyàwó tí wọ́n bá lé kúrò láàfin, ayé rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò gbà.

Vipsania, ọmọ Agrippa, ni Tiberius fẹ́ kí wọ́n tó fi Julia lé e lọ́wọ́. Ọmọ kan ti wà láàárín wọn, oyún mìíràn sì wà. Augustus ní kó kọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Suetonius, òǹkọ̀wé ìtàn àwọn Késárì, sọ pé Tiberius rí i lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, ó ń fi ojú tẹ̀lé e, omi lé ròrò sí i lójú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ kí wọ́n má baà pàdé mọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọkùnrin náà sunkún, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ìtẹ́. Vipsania ní tirẹ̀ lọ fẹ́ Asinius Gallus, ó bí ọmọkùnrin rẹpẹtẹ, ó kú ikú ara rẹ̀ ní ọdún 20 lẹ́yìn Kristi. Tacitus ní nínú àwọn ọmọ Agrippa, òun nìkan ni irú ikú bẹ́ẹ̀ bọ́ sí fún. Ẹni tó jìyà rẹ̀ ni Gallus, ọkọ kejì. Tiberius kò dárí fífẹ́ náà jì í: wọ́n mú un ní ọdún 30, ebi pa á kú ní àtìmọ́lé ní ọdún 33.

Ti Marcella ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ Octavia ni, òun ni Agrippa fẹ́ kó tó fẹ́ Julia. Plutarch, òǹkọ̀wé àtijọ́ kan, sọ pé Octavia ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dábàá kí wọ́n gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ òun fún Julia. Wọ́n wá fi Iullus Antonius rọ́pò fún un. Nígbà tí àṣírí Julia tú, ta ni wọ́n dárúkọ jù lára àwọn àlè rẹ̀? Iullus Antonius, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìbátan kan náà gba ọkọ méjèèjì lọ́wọ́ Marcella, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ìwé, ẹ̀ẹ̀kan láìsí ìwé.

* * *

"Ẹ ò tíì fẹnu ba ọ̀rọ̀ opó."

Òótọ́ ni. Láyé àtijọ́, ẹbí ọkọ ló ń ṣú opó lọ́dọ̀ wa. Ní Róòmù, òfin ìjọba ló ń lé e wọ ilé ọkọ mìíràn, ẹni yòówù kó jẹ́. Augustus kọ́kọ́ fún opó ní ọdún kan, ó fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ní oṣù mẹ́fà. Ariwo pọ̀, òfin ọdún 9 lẹ́yìn Kristi wá sún un sí ọdún méjì fún opó, àti oṣù 18 fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọkọ, ogún tí ẹlòmíràn kọ fún un lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Papius àti Poppaeus, àwọn kọ́ńsù (olórí ìjọba ọdún náà) méjì tí òfin ọdún 9 náà ń jẹ́ orúkọ wọn, àpọ́n ni àwọn méjèèjì. Cassius Dio òpìtàn ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Nínú ààfin, ohun mìíràn ni òfin yẹn ń dà. Antonia ọmọ Mark Antony pàdánù Drusus ọkọ rẹ̀, ọmọ Livia, ní ọdún 9 ṣáájú Kristi, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Augustus ní kó fẹ́ ọkọ, ó kọ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 37 lẹ́yìn Kristi. Àwọn òǹkọ̀wé Róòmù yìn ín gan-an. Àmọ́ ẹ wo Agrippina, ọmọ Julia, opó Germanicus tí Antonia bí. Ní ọdún 26, ara rẹ̀ kò yá, Tiberius wá kí i, ó bú sẹ́kún, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọkọ. Tiberius dìde, kò dá a lóhùn. Tacitus ní inú àkọsílẹ̀ tí ọmọ Agrippina kọ nípa ìdílé rẹ̀ ni òun ti rí i. Ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ni òfin ń fi ipá lé àwọn opó yòókù sínú rẹ̀! Ní ọdún 29 wọ́n lé òun náà lọ sí Pandateria, ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún 33.

Àwọn kan á ní Antonia jẹ́ obìnrin rere, Agrippina jẹ́ alágídí. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí Antonia kò bá fẹ́ ọkọ, kò sí ẹni tuntun tó máa dìde sí ìtẹ́. Bí Agrippina bá fẹ́, ọkọ náà á di bàbá fún àwọn ọmọ tó lè jọba. Ó tán.

* * *

"Messalina: ṣé ó kọ Claudius kó tó fẹ́ Silius, àbí ọkọ méjì ló ní lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí òfin gidi wà nínú rẹ̀. Ọdún 48 ni. Claudius, Késárì ìgbà náà, wà ní Ostia, ìlú èbúté tó wà nítòsí Róòmù. Messalina ìyàwó rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Gaius Silius ní Róòmù, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí àti àsè. Narcissus, akọ̀wé Claudius, lọ bá ọ̀gá rẹ̀: ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Ìlú rí ìgbéyàwó Silius, ìgbìmọ̀ àgbà rí i, ọmọ ogun rí i. Bí o kò bá tètè ṣe nǹkan, ọwọ́ ọkọ tuntun ni Róòmù wà.

Àwọn tó ní ọkọ méjì ló ní sọ pé kò sí iṣẹ́ tí ó rán sí Claudius. Àwọn yòókù ní ìgbéyàwó tuntun ti tú ti àtijọ́ fúnra rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ti dàgbà ju Messalina lọ. Cicero, agbẹjọ́rò Róòmù tó ti kú kí wọ́n tó bí Messalina, mẹ́nu ba ọkùnrin kan tó fi aboyún sílẹ̀ ní Sípéènì, tó dé Róòmù fẹ́ ẹlòmíràn láìránṣẹ́ sí ti àkọ́kọ́, tó sì kú láìṣe ìwé ìhágún. Obìnrin méjèèjì bímọ ọkùnrin. Ọmọ ta ni ọmọ? Àwọn amòfin gan-an kò fẹnu kò. Lójú tèmi, bí Narcissus ṣe gbé e kalẹ̀ ló bá òye àwọn ará Róòmù mu: ó ti kọ̀ ọ́. Suetonius ní wọ́n tún tan Claudius títí ó fi fọwọ́ sí ìwé owó ìgbéyàwó náà fúnra rẹ̀, àmọ́ Suetonius fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yẹn ju ohun tí ènìyàn lè gbà gbọ́ lọ.

Ohun tí Claudius ń bi àwọn ènìyàn léraléra lọ́jọ́ náà ni pé: ṣé èmi ṣì ni ọba? Kò béèrè bóyá òun ṣì ní ìyàwó. Wọ́n pa Messalina nínú ọgbà Lucullus láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ, òun ló súnmọ́ ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "kó ẹrù rẹ."

* * *

Mo ní kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ dídá ẹrù padà. Ó yá.

Octavia mìíràn rèé, ọmọ Claudius. Wọ́n fi í fún Nero ní ọdún 53, Nero sì gorí ìtẹ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí Nero fẹ́ kọ̀ ọ́ nítorí Poppaea, Burrus olórí ẹ̀ṣọ́ wí fún un pé: ó dáa, dá ẹrù rẹ̀ padà fún un. Ìjọba Róòmù ni ẹrù náà. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún fi sí Késárì Marcus Aurelius lẹ́nu ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ní kó kọ Faustina ìyàwó rẹ̀. Ìwé tó sọ ìyẹn ń purọ́ púpọ̀, àmọ́ ẹ rí i pé òye náà kò kú.

Burrus kú ní ọdún 62. Lọ́dún yẹn ni Nero kọ Octavia, ó ní àgàn ni. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà ó fẹ́ Poppaea. Ohun tó fún Octavia dípò ìjọba ni ilé Burrus tó ti kú àti oko Plautus tí Nero ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n pa. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń bá afunfèrè kan láti Íjíbítì lò pọ̀, wọ́n fìyà jẹ àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́rìí. Ọ̀kan nínú wọn dá Tigellinus, olórí ẹ̀ṣọ́ tó rọ́pò Burrus, lóhùn pé abẹ́ ìyá òun mọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ará ìlú tú síta, wọ́n wó ère Poppaea, wọ́n gbé ère Octavia lérí. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i yẹn ló pa á. Pandateria náà ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n pa á níbẹ̀ lóṣù kẹfà, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ wá fún Poppaea wò.

Ẹni tó ní "kí ló dé tí kò fi sá lọ kó tó dé bẹ́ẹ̀," ibo ló fẹ́ sá sí? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lẹ́yìn Nero ti di ọ̀tá ìjọba lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

* * *

"Ẹ dárúkọ ẹnìkan péré tó jáde pẹ̀lú ẹ̀mí àti owó rẹ̀."

Domitia Longina. Domitianus, tó di Késárì lẹ́yìn náà, gbà á lọ́wọ́ Aelius Lamia ọkọ rẹ̀, ó sì pa Lamia nígbà tó yá. Ó kọ Domitia nítorí òṣèré kan tó ń jẹ́ Paris, ó pa Paris, kò pẹ́ ó tún gba ìyàwó rẹ̀ padà, ó ní ará ìlú ló bẹ òun. Ní ọdún 96 wọ́n pa Domitianus, àwọn òpìtàn àtijọ́ sì ní Domitia mọ̀ sí i. Kò sí bàbá láyé tó lè fi í fún ẹlòmíràn, ìdílé mìíràn ti gba ìtẹ́, kò sì fẹ́ ọkọ mọ́. Ibi ìṣebíríkì ni ó ní. Bíríkì rẹ̀ ṣì ń jáde nílẹ̀ Róòmù, orúkọ rẹ̀ àti ti Domitianus ọkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí wọn lára, àwọn kan sì wà tó jẹ́ ti ọdún 123.